Ó Buwọ́ Lùwé, Àmọ́ Ṣé Ó Yé E? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Kẹ́míkà Níbi Iṣẹ́

Lẹ́tà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa láti ilẹ̀ Okun, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ní oṣù yìí pọ̀, a sì ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, láti Kàbà títí dé Yàgbà, ń béèrè ohun kan náà ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: àwọn tí ń fi kẹ́míkà ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn, ṣé ìkìlọ̀ tí ó wà lára rẹ̀ yé wọn? A mú mẹ́rin jáde nínú àwọn lẹ́tà náà. A fi orúkọ àwọn tí ó kọ̀wé pamọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fẹ́, a sì gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú díẹ̀.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo ń tọ́jú sítọ̀ọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń lọ òkúta ní agbègbè wa. Gbogbo òṣìṣẹ́ tí a bá gbà ni a ń fún ní ìwé ààbò kẹ́míkà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, gbogbo wọn ni ó sì ń buwọ́ lù ú. Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tí ń bá wa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré. Ikọ́ mú un, ojú rẹ̀ ń ṣomi, a sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ọ̀gá wa ní ẹ̀bi rẹ̀ ni, nítorí pé ó ti buwọ́ lùwé. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yé àwọn tí ó kù? Olùtọ́jú sítọ̀ọ̀, Ìjùmú.

Ìdáhùn: Rárá, kì í ṣe òótọ́. Ìbuwọ́lùwé fi hàn pé ìwé dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Kò fi hàn pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ dé etí rẹ̀, ká má tíì sọ pé ó wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí arábìnrin náà, nítorí pé àwọn ẹlòmíràn yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀ bí a kò bá sọ ọ́. Bí ásíìdì bá kan bílíìṣì, gáàsì klorín ni ó máa ń tú jáde. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni ó máa ń rọ̀ sí, níbi tí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọ ilẹ̀ gbé orí sí gan-an. Ó máa ń ta ojú, imú àti ọ̀nà ọ̀fun, bí ó bá sì pọ̀, omi lè kún inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nígbà tí ẹni náà ti rò pé ara òun ti yá. Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù dípò kí ẹ fún un ní mílíìkì tàbí epo pupa mu, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ti máa ń ṣe. Inú ikùn ni mílíìkì ń lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró sì ni gáàsì wọ̀, àwọn méjèèjì kò lè pàdé. Kí a gbé ẹni náà jáde síbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ ni ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́.

Ó ṣeé ṣe kí ìkìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ da àwọn méjèèjì pọ̀ wà nínú ìwé tí ó buwọ́ lù. Ṣùgbọ́n ibo ni ó wà níbẹ̀? Ìwé ààbò tí àwọn ilé iṣẹ́ ń pè ní SDS máa ń ní ìpín 16, gẹ́gẹ́ bí GHS, ìlànà lórí bí a ṣe ń pín kẹ́míkà sí ìsọ̀rí àti bí a ṣe ń kọ àkọlé sí i lára, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2003 ti là á sílẹ̀. Ìpín 10 ni ó ń sọ ohun tí kò gbọdọ̀ pàdé kẹ́míkà náà. Kí obìnrin tí ń fọ ilẹ̀ tó dé ibẹ̀, yóò ti kọ́kọ́ la ìwọ̀n ooru tí omi náà fi ń hó kọjá, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn tí a kọ fún àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ìwé náà kò retí pé òun ni yóò dá kà á. Wọ́n ṣe é kí ẹnì kan lè kà á, kí ó sì yọ ìwọ̀nba tí ó kan iṣẹ́ obìnrin náà jáde, kí ó sọ ọ́ fún un ní èdè tí ó gbọ́. Agbanisíṣẹ́ ni ẹni náà, tàbí ẹni tí agbanisíṣẹ́ bá fi síbẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá kò gbè sẹ́yìn ọ̀gá yín. Factories Act, èyí tí í ṣe òfin àwọn ilé iṣẹ́, sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni sídìí ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ tí ó lè ṣe é léṣe láìjẹ́ pé a ti la ewu ibẹ̀ yé e, pẹ̀lú ọ̀nà tí yóò gbà yẹra fún un, kí ó sì ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó tó tàbí kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú máa mójú tó o. Àdéhùn 170 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, tí wọ́n ṣe ní 1990, ní kí àkọlé ara kẹ́míkà eléwu jẹ́ irú èyí tí yóò tètè yé òṣìṣẹ́. Employees' Compensation Act ti 2010, òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, ní tirẹ̀ kò sọ pé dandan ni kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ fi hàn pé agbanisíṣẹ́ jẹ̀bi kí NSITF, àjọ ìjọba tí ń san owó náà, tó san ohun tí ó tọ́ sí i. Ọjọ́ 14 ni òfin náà fún òṣìṣẹ́ láti fi jàǹbá tó agbanisíṣẹ́ létí, ọjọ́ 7 sì ni ó fún agbanisíṣẹ́ láti fi tó NSITF létí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá arábìnrin náà ṣe ìwé yìí, ẹ má fi òní dọ́la.

Ní ti bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yé àwọn tí ó kù, ẹ má ṣe bi wọ́n pé, “Ṣé ó yé yín?” “Ó yé wa, sà,” ni gbogbo wọn yóò dáhùn, nítorí pé ọmọdé kì í fẹ́ kí àgbà ka òun sí aláìmọ̀kan, ẹni tí ó sì ń wá oúnjẹ òòjọ́ kì í fẹ́ kí ọ̀gá rò pé òun yóò dá iṣẹ́ dúró. Ẹ pe ẹnì kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé ìgò náà síwájú rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé, ní Òwé, ní Yàgbà, ní Bùnú tàbí ní èdè yòówù tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí ni ohun tí ó wà nínú ìgò yìí lè ṣe sí ọ? Ojú, imú, ẹnu àbí awọ ara ni ó ń gbà wọlé? Kí ni kò gbọdọ̀ pàdé rẹ̀? Bí ó bá ta sí ọ lójú nísinsìnyí, kí ni o máa kọ́kọ́ ṣe, ibo sì ni omi wà? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni mo kà sí jù lọ. Ẹ ní kí ó rìn lọ síbi omi náà lójú yín, nítorí pé ojú tí ásíìdì bá ta sí gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ omi tí ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bí ó bá dé ibẹ̀ tí ẹ̀rọ omi kò yọ, ilé iṣẹ́ ni ó kùnà ìdánwò náà, kì í ṣe òun. Bákan náà, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ṣi ìbéèrè kan náà dáhùn, àlàyé yín ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ má ṣe bá wọn wí.

Ohun kan wà tí ẹ kò sọ, ṣùgbọ́n tí mo fura sí: inú kí ni ásíìdì náà wà nígbà tí ẹ fún un? Ní ọ̀pọ̀ sítọ̀ọ̀, inú kẹ́ẹ̀gì ńlá ni a ti ń bù ú sínú ìgò omi tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn tí ń fọ ilẹ̀, àkọlé yóò sì wà lára kẹ́ẹ̀gì ní sítọ̀ọ̀. Ẹni tí ó di ìgò aláìlórúkọ mú kò ní ohun kankan tí yóò kà, ì báà jẹ́ pé ó lọ sí yunifásítì. Ẹ̀yin ni ẹ ń bù ú fún wọn, nítorí náà ọwọ́ yín ni àtúnṣe èyí wà: ìgò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ kẹ́míkà náà àti àwòrán ewu rẹ̀, kí ẹ má sì lo ìgò tí ènìyàn ti ń mu nǹkan rí.

Ìbéèrè: Mo ń dá oko kajú àti àgbàdo nítòsí Ìsánlú, mo sì máa ń gba àwọn ọ̀dọ́ láti bá mi fín kẹ́míkà. Ìsàlẹ̀ ìwé tí ó wà lára gálọ́ọ̀nù máa ń ní ọ̀já aláwọ̀. Òmíràn pupa, òmíràn yẹ́lò, òmíràn búlúù, òmíràn sì ní àwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ náà ní àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé koríko ni ó ń pa, pé pupa sì ni ti kòkòrò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ọlọ́jàá yẹ́lò kan ni a ń lò jù, kò ju ọjọ́ kan lọ tí koríko yóò fi jó. Àgbẹ̀, Yàgbà.

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ kọ́, bàbá. Ọ̀já náà kò sọ ohun tí kẹ́míkà ń pa lóko. Bí ó ti lè tètè pa ènìyàn ni ó ń sọ. Nínú ìlànà WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àti FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, pupa wà fún ìsọ̀rí Ia àti Ib, àwọn tí oró wọn le jù lọ. Yẹ́lò wà fún ìsọ̀rí II, búlúù fún ìsọ̀rí III, àwọ̀ ewé sì wà fún èyí tí kò jọ pé yóò pa ènìyàn lára lójú ẹsẹ̀ bí a bá lò ó bí wọ́n ti ní kí a lò ó. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí “lójú ẹsẹ̀” yẹn. Ara ohun tí kẹ́míkà ṣe sí eku nínú ìdánwò ni wọ́n ti mú ìpín yìí jáde, láti mọ ìwọ̀n tí ó lè pa á kíákíá. Ọ̀já náà kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí ó ti ń fín in láti ọdún mẹ́wàá wá, tí ó ń dà sí i lẹ́yìn láti inú ẹ̀rọ tí ó ń jò.

Kẹ́míkà ọlọ́jàá yẹ́lò tí ń jó koríko ní ọjọ́ kan yẹn ń kọ mí lóminú, nítorí pé ó jọ paraquat. Ẹ wo orúkọ èròjà tí ó wà lára gálọ́ọ̀nù náà, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fi ń tà á lọ́jà. Ìsọ̀rí II ni wọ́n fi paraquat sí, ìdí nìyí tí ọ̀já rẹ̀ fi jẹ́ yẹ́lò, síbẹ̀ ìwọ̀n ẹ̀kún ẹnu kan lára ògidì rẹ̀ tí a kò tíì bomi là tó láti pa àgbàlagbà, kò sì sí oògùn kan tí a mọ̀ tí ń borí oró rẹ̀. Kì í sábà pa ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀dọ̀fóró ni ó máa ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí aláìsàn yóò máa wo ojú àwọn ènìyàn rẹ̀, tí èémí yóò máa ṣòro fún un sí i. Ó tún lè gba ojú egbò wọ inú ara. NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, ó sì fòfin de atrazine, tí ọ̀pọ̀ alágbàdo mọ̀ dáadáa, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025. Bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá kù sí ọwọ́ yín, ẹ má fín in mọ́, ẹ má dà á sí odò, ẹ má sì gbé e fún aládùúgbò. Ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, kí ẹ sì béèrè ní ọ́fíìsì NAFDAC ti ìpínlẹ̀ wa ohun tí ẹ óò ṣe sí i.

Nínú ọ̀já náà ni ẹ óò tún rí àwòrán kéékèèké: ìbọ̀wọ́, bàtà òjò, ìbomú, gíláàsì ojú. Gẹ́gẹ́ bí FAO ti tò wọ́n, àwọn tí ó wà lápá òsì ń sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ wọ̀ nígbà tí a bá ń po kẹ́míkà, àwọn tí ó wà lápá ọ̀tún sì ń sọ ti ìgbà tí a bá ń fín in. Ìgbà tí a bá ń pò ó ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí pé ògidì ni ó wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń fi ọwọ́ lásán ṣe é, tí wọ́n á sì dúró di ìgbà tí ẹ̀rọ bá dé ẹ̀yìn wọn kí wọ́n tó wọ ohunkóhun. Ẹ jókòó pẹ̀lú wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ nawọ́ sí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹ̀yin ni agbanisíṣẹ́ wọn, bí iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ ju ọjọ́ méjì lọ, owó ìbọ̀wọ́ sì wà lára owó iṣẹ́ tí ẹ óò san.

Nígbà tí gálọ́ọ̀nù bá tán, ẹ fi omi ṣàn án nígbà mẹ́ta, kí ẹ da omi ìṣanra náà sínú ẹ̀rọ kí ẹ fín in sóko, kí ẹ wá dá gálọ́ọ̀nù náà lu, kí ẹnikẹ́ni má baà fi rọ epo pupa.

Ìbéèrè: Búlọ́ọ̀kù ni mò ń mọ ní Kàbà. Àpò sìmẹ́ǹtì kò ní àwòrán agbárí òkú, nítorí náà mo mọ̀ pé kì í ṣe májèlé. Kí ló wá ń jẹ mí lẹ́sẹ̀ àti láàárín ìka? Oníbúlọ́ọ̀kù.

Ìdáhùn: Sìmẹ́ǹtì náà ni. Àwòrán agbárí ń kéde ohun tí ó lè tètè pa ènìyàn nípa jíjẹ, mímu, mímí sínú tàbí fífi ara kàn. Àìsí rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ewu kò sí, àṣìṣe yìí sì wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Àwòrán ti sìmẹ́ǹtì ni èyí tí nǹkan ti ń kán sórí ọwọ́ tí ó sì ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú àmì ìyanu (!). Bí omi bá ti kan sìmẹ́ǹtì, pH rẹ̀, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ agbára ásíìdì tàbí ti sódà, máa ń gòkè dé 12 tàbí 13, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ le tó sódà tí a fi ń se ọṣẹ. Ohun tí ó fi ń tan ènìyàn jẹ ni pé kì í dunni lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè kúnlẹ̀ sínú rẹ̀, tàbí kí ó wọ inú bàtà yín láàárọ̀, kí ó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ẹ óò rí i pé awọ ti bó. Èròjà kan tí ń jẹ́ chromium tí ó wà nínú rẹ̀ tún lè mú kí ara máa yún, kí ó máa là, bí ara bá sì ti kọ̀ ọ́ báyìí, ìwọ̀nba díẹ̀ yóò máa tún un dá sílẹ̀.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà òjò gíga. Bí sìmẹ́ǹtì tútù bá wọ inú bàtà, ẹ bọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fi omi púpọ̀ fọ ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ má fi kẹrosín tàbí epo pa á. Egbò tí ó ti wà nílẹ̀ yẹn, ẹ gbé e lọ fún dókítà.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi ní kí n ṣe pátákó àwòrán ewu kẹ́míkà tí a óò gbé kọ́ ara ògiri fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò kàwé. Ṣé àwòrán nìkan tó? Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Ìyàrá.

Ìdáhùn: Kò tó, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ó dára kí o bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwòrán mẹ́sàn-án ni GHS ní. Agbárí àti iná máa ń yé ọ̀pọ̀ ènìyàn láìsí olùkọ́. Èyí tí ó ní ènìyàn tí nǹkan fọ́n ká ní àyà rẹ̀ bí ìràwọ̀ ni ó ń fa ìṣòro: ẹni tí a kò kọ́ lè rò pé oògùn tí ń fún ara lágbára ni, bẹ́ẹ̀ àrùn tí ń pẹ́ kí ó tó jáde, bí i jẹjẹrẹ tàbí ìbàjẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ni ó ń kéde. Iná tí ó wà lórí òbìrí máa ń dàrú mọ́ iná lásán, kò sì sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀: èyí lè má fúnra rẹ̀ jó, ṣe ni ó ń mú kí iná tí ó bá wà nítòsí ràn sí i. Àwọn tí ó ṣètò GHS mọ̀ pé àwòrán kì í dá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ ọ̀nà tí a lè gbà dán òye àwọn òṣìṣẹ́ wò sínú Àfikún 6 ìwé náà, lẹ́yìn iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí ní South Africa ṣe láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, awakọ̀ akẹ́rù, òṣìṣẹ́ oko àti àwọn tí ń ra kẹ́míkà lò nínú ilé.

Má ṣe gbé gbogbo àwòrán mẹ́sàn-án sára pátákó kan. Mú kìkì àwọn tí ó wà lára kẹ́míkà tí ẹ ń lò, kí o sì ya àpótí tàbí kẹ́ẹ̀gì náà gan-an sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán rẹ̀, kí ojú wọn lè mọ̀ ọ́n. Nínú SDS, ìpín 2 ni yóò sọ ewu rẹ̀ fún ọ, ìpín 4 ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́, ìpín 7 bí a ṣe ń gbé e àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ìpín 8 ohun tí a óò wọ̀. Kọ wọ́n ní gbólóhùn kúkúrú. Ọ̀rọ̀ “Danger” tí ẹ bá rí lára kẹ́míkà wuwo ju “Warning” lọ. Fi àwọ̀ pupa sí àwọn tí ó ní “Danger”, má sì fi àwọ̀ náà sí ohun mìíràn lórí pátákó.

Rántí pé kì í ṣe àwa Okun nìkan ni a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí Ebira, Ígálà, Haúsá tàbí Tívì bá wà láàárín yín, wá ẹnì kan nínú wọn tí àwọn ará rẹ̀ fọkàn tán, kí ó máa sọ ọ́ fún wọn ní ìpàdé àárọ̀. Kí ẹ tó tẹ pátákó náà, fi èyí tí o fọwọ́ yà han àwọn tí wọ́n ń bu kẹ́míkà náà lójoojúmọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsọ ìtumọ̀ kankan fún wọn, kí o kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Àwòrán tí ó bá ṣì wọ́n lọ́nà, tún un yà tàbí kí o fi ọ̀rọ̀ tì í lẹ́yìn, kí o sì tún fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn tí ó bá ti wà lára ògiri fún oṣù mélòó kan, padà lọ bi wọ́n bákan náà, pàápàá jù lọ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́.